Ojú Tí Ń Ṣọ́ Ibodè: Láti Ọ̀dọ̀ Oníbodè Títí Dé Orí Ẹ̀rọ

Àwọn tí ń tọ́jú ìwé ìrántí wa ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìtàn sí ti ọdún yìí. Ìtàn tí mo mú wá kì í ṣe ti ọba tàbí ti ogun. Ìtàn ibodè ni, àti ti àwọn ọmọ wa tí ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ní ìpàdé gbogbogbòò wa kan, ìyá kan dìde nígbà tí a ti fẹ́ gbàdúrà ìparí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti kúrò nílé láìdágbére. Ó gba Kongolam wọ Zinder, ó sì pe ìyá rẹ̀ láti Agadez pé lóru ọjọ́ náà ni ọkọ̀ àwọn yóò gbéra lọ sí Líbíyà. Oṣù mẹ́rin ti kọjá, kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ìyá náà wá bi wá pé: "Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, wọ́n ní àwọn òyìnbó ti gbé ẹ̀rọ sí ibodè tó ń rí èèyàn nínú òkùnkùn, pé ó ń ti ojú ọ̀run wo ilẹ̀. Ṣé ẹ̀rọ náà kò rí ọmọ mi ni?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Èmi náà tẹrí mọ́lẹ̀. Ìbéèrè yẹn ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí mo lè rí kà lórí ọ̀rọ̀ náà, ohun tí mo sì rí ni mo kó jọ síhìn-ín.

ONÍBODÈ ÀTIJỌ́

Ìṣọ́ ibodè kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Láyé àtijọ́, àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ní odi àti yàrà yíká, wọ́n sì ní ẹnubodè tí èrò ń gbà wọlé. Oníbodè ló ń jókòó síbẹ̀. Òun ló ń gba owó ẹyọ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, òun náà ló ń bèèrè pé, níbo lẹ ti ń bọ̀, ọ̀dọ̀ ta lẹ ń lọ? Kò ní ìwé tó ń kọ orúkọ sí. Ojú àlejò ló ń wò. Bó bá rí àbàjà, tàbí gọ̀mbọ́, tàbí pélé, ó ti mọ apá ibi tí ẹni náà ti wá. Nígbà tí ogun ń kó èèyàn káàkiri ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ilà ojú yìí kan náà ló ń jẹ́ kí ará ilé dá ara ilé mọ̀ ní ìlú òkèèrè.

Ẹ jẹ́ ká ṣàkíyèsí ohun méjì níbẹ̀. Èkíní, oníbodè lè le, ó sì lè jẹ́ wọ̀bìà, ṣùgbọ́n èèyàn ni. A lè bẹ̀ ẹ́, a lè ṣàlàyé fún un, àánú sì lè ṣe é. Èkejì, àmì tó wà lójú àlejò ń sọ ibi tí ilé rẹ̀ wà, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ni ín. Ẹ fi ohun méjì yìí sọ́kàn, nítorí a óò padà sórí wọn.

NÍGBÀ TÍ ÌWÉ DÉ

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní ni ìwé ìrìnnà di ohun tí gbogbo ayé ń bèèrè. Ní ọdún 1920, àwọn ìjọba pàdé ní ìlú Paris lábẹ́ àjọ League of Nations, wọ́n sì fẹnu kò lórí bí ìwé náà yóò ṣe rí. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa níhìn-ín, ọ̀pọ̀ ń rin ìrìn wọn láìsí ìwé kankan. Ọdún 1912 ni rélùwéè so Èkó mọ́ Kánò. Nígbà tí bàbá mi wọ̀ ọ́ láti Ọ̀fà wá síbí, ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n bi í. Bí àwọn Hausa ti ní Sábó n'Íbàdàn láti ọdún 1916, bẹ́ẹ̀ làwa náà ní Sabon Gari ní Kánò.

Àwọn ará wa tó kọrí sí Gánà ni wọ́n kọ́kọ́ rí ìjà ìwé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Yorùbá pọ̀ nínú wọn, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ọ̀fà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn ti lo ogún ọdún nídìí ọjà rẹ̀ níbẹ̀, òmíràn sì rèé, Gánà ni wọ́n bí i sí. Ṣọ́ọ̀bù, ilé, gbèsè táwọn èèyàn jẹ wọ́n, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà jáde, ó lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn tó lọ. Kò yẹ ká gbàgbé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìtàn yìí.

Láàárín ọdún méjèèjì ni ECOWAS dé. Èkó ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1975. Ní ọdún 1979, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú àjọ náà lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà, bó bá ti ní ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún ọmọ Kánò láti wọ ọkọ̀ lọ sí Zinder tàbí Maradi, kó ná ọjà, kó sì padà.

ÌKA DI ÌWÉ

Ìwé ṣeé sọnù, wọ́n sì lè ṣe ayédèrú rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ìjọba ṣe ń wá àmì tí kò ṣeé bọ́ sílẹ̀ bí aṣọ. Ìtẹ̀ka ni wọ́n rí. Ilẹ̀ Íńdíà, nígbà tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í ṣe iṣẹ́ ìjọba dáadáa. Ní 1901 ni àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù gbà á wọlé. Ọ̀daràn ni wọ́n ń tẹ̀ níka nígbà náà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2003, ó kan arìnrìn-àjò. Ọjọ́ yẹn ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní Eurodac.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹni tó bá ti tó ọmọ ọdún 14, tó bèèrè ààbò tàbí tó gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, wọn yóò tẹ ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sínú ẹ̀rọ. Àdéhùn mìíràn wà tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìlú Dublin ní 1990, tó ní orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ni yóò gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó ń bèèrè ààbò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ ni. Nítorí náà, bí ọmọ wa bá tẹ̀ka ní Ítálì, tó wá sá lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Jámánì, kọ̀ǹpútà yóò tú àṣírí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n sì lè dá a padà sí Ítálì. Àwọn kan ti fi iná jó orí ìka wọn, àwọn mìíràn fi ásíìdì fọ̀ ọ́, kí ẹ̀rọ má baà mọ̀ wọ́n. Asán ni. Bí egbò ọwọ́ bá jiná, ìlà àtijọ́ náà ló ń padà hù.

Láti 2015, ọlọ́pàá náà ti láṣẹ láti wo inú Eurodac bí wọ́n bá ń wá ọ̀daràn ńlá. Ní ọdún 2024, wọ́n ṣe òfin tuntun tó fi àwòrán ojú kún ìka, tó sì mú ọjọ́ orí wálẹ̀ láti ọdún 14 sí ọdún 6. Àní ẹni tó ní físà gidi pàápàá, láti ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya ojú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ mìíràn tó ń ka iye ọjọ́ tó lò ní Yúróòpù.

Ẹ padà wo ilà ojú tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ilà ń sọ ilé tí èèyàn ti wá. Ìka ń sọ ibodè tó kọ́kọ́ kàn.

BÍ Ọ̀NÀ KAN Ò DÍ

Àwọn àgbà ní bí ọ̀nà kan ò dí, òmíràn kì í là. Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ṣẹ lójú omi.

Láàárín Mòrókò àti Sípéènì, níbi tí òkun ti tóóró jù lọ, kò ju kìlómítà 14 lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà ló ń fi ọkọ̀ ojú omi kékeré gbabẹ̀. Ní 2002, Sípéènì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò tí wọ́n ń pè ní SIVE níbẹ̀: rédà, àti kámẹ́rà tó ń fi ìgbóná ara mọ̀ pé èèyàn wà nínú ọkọ̀ lóru. Ọ̀nà náà le. Àwọn mìíràn gbìyànjú ọgbà onírin Ceuta àti Melilla, àwọn ìlú Sípéènì méjì tó wà lórí ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 2005, lẹ́yìn tí àwọn kan kú níbi tí ọ̀pọ̀ èrò ti ń fo ọgbà náà, wọ́n gbé e ga sí i títí ó fi tó mítà mẹ́fà.

Ǹjẹ́ ìrìn-àjò dúró? Kò dúró. Ọ̀nà kan ò wọjà. Àwọn èrò kọrí sí erékùṣù Canary nínú òkun Àtìláńtíìkì. Láti Mòrókò, ó tó 100 kìlómítà. Nígbà tí ìṣọ́ dé ibẹ̀, wọ́n sún sí Mauritania, níbi tó ti tó 800 kìlómítà. Nígbà tí ìyẹn tún le, wọ́n sún sí Sẹ̀nẹ̀gàl, níbi tí ó ti lè tó 1,500 kìlómítà lórí ọkọ̀ apẹja. Ní 2006 nìkan, èèyàn tó lé ní 31,000 ló gúnlẹ̀ sí Canary. Ọdún náà ni Frontex, àjọ tí Yúróòpù dá sílẹ̀ fún ìṣọ́ ibodè, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ òkun àti bàálù ṣọ́ ibẹ̀. Nígbà tó di 2010, àwọn tó dé kò tó 200. Wọ́n ní àwọn ti ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Líbíyà ló là lẹ́yìn náà, ní 2024 sì ni Canary tún gba èèyàn tó lé ní 46,000. Láti kìlómítà 14 sí kìlómítà 1,500: ohun tí ojú ẹ̀rọ ṣe nìyẹn. Kò dá ìrìn dúró, ńṣe ló mú un gùn.

AGADEZ, Ọ̀NÀ TIWA

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ọ̀nà tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wa níbí. Láti ìgbà tí ràkúnmí ń kó iyọ̀ ni Agadez ti jẹ́ ẹnu ọ̀nà aṣálẹ̀. Ọkọ̀ ń ti ibẹ̀ gba Dirkou, Séguédine àti Madama lọ sí Líbíyà. Lẹ́yìn tí ìjọba Gaddafi ṣubú ní 2011, èrò ọ̀nà náà pọ̀ kọjá ààlà. Ní 2016, àjọ IOM ka èèyàn tó lé ní 300,000 tó ń jáde láti Nìjẹ̀r lọ sí ìhà àríwá.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, Nìjẹ̀r ti ṣe òfin tó sọ kíkó aṣíkiri kọjá di ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀wọ̀n. Láti 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó gidigidi, tí wọ́n ń mú awakọ̀, tí wọ́n sì ń gba ọkọ̀ wọn. Owó Yúróòpù wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tí IOM ṣe, tí wọ́n ń pè ní MIDAS, sí àwọn ibodè: orúkọ, àwòrán àti ìtẹ̀ka àwọn tó ń kọjá ni wọ́n ń gbà sínú rẹ̀. Àwọn ìwé tí ẹgbẹ́ Privacy International rí gbà, tí wọ́n gbé jáde ní 2020, fi hàn pé owó Yúróòpù tó wá sí Nìjẹ̀r kan dúróònù, ìyẹn bàálù tí kò ní awakọ̀ nínú, ó sì kan ẹ̀rọ tó ń tọpa fóònù alágbèéká.

Ní 2017, iye tí wọ́n kà kò tó 100,000 mọ́. Lórí ìwé, òfin náà ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú aṣálẹ̀. Ojú ọ̀nà tí gbogbo ọkọ̀ ń tọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kànga wà, òun náà ni àwọn ṣọ́jà ń ṣọ́. Awakọ̀ tó ń sá fún ṣọ́jà di ẹni tó ń sá fún kànga. Wọ́n ń gba inú yanrìn tí ẹnikẹ́ni kì í gbà. Bí ọkọ̀ bá kú níbẹ̀, kò sí ọkọ̀ mìíràn tí yóò kọjá. Bí awakọ̀ bá rí iná ṣọ́jà lókèèrè, òmíràn á já èrò sílẹ̀, á sì sá lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2017, ọkọ̀ kan kú sínú aṣálẹ̀ náà, èèyàn 44 sì kú, ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Gánà. Ẹni mẹ́fà péré ló rìn dé Dirkou. Òùngbẹ ló pa àwọn yòókù.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, àwọn ológun tó gbàjọba ní Nìjẹ̀r fagi lé òfin 2015 náà. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, Nìjẹ̀r, Mali àti Burkina Faso jáde kúrò nínú ECOWAS pátápátá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé bí wọ́n ti ń ṣe é nígbà bàbá òun lòun óò ṣe é. Ẹ bèèrè òfin tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó gbéra.

RÍRÍ KÌ Í ṢE GBÍGBÀLÀ

Apá ìtàn yìí ló dùn mí jù. Ní òpin oṣù kẹta ọdún 2011, ọkọ̀ rọ́bà kan gbéra láti Tripoli pẹ̀lú èèyàn 72, ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn. Epo tán lágbedeméjì òkun. Wọ́n fi fóònù sátẹ́láìtì pe àlùfáà ọmọ Eritrea kan tó wà ní Ítálì, Mussie Zerai, òun náà sì sọ fún ìjọba. Àkókò ogun Líbíyà ni, ọkọ̀ ogun àti bàálù NATO kún ojú òkun. Bàálù kan ya àwòrán ọkọ̀ náà. Hẹlikópítà kan ju omi àti bisikíìtì sílẹ̀ fún wọn, ó lọ, kò sì padà. Ọkọ̀ ogun ńlá kan sún mọ́ wọn débi pé wọ́n ń rí àwọn tó wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n lò lórí omi kí ìjì tó gbé wọn padà sí Líbíyà. Ẹni mẹ́sàn-án ló kù láàyè nínú 72. Ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì gbé ìròyìn jáde ní 2012 pé ọ̀pọ̀ ló kùnà ojúṣe wọn.

Ìgbà kan wà tí rírí àti gbígbàlà jọ ń rìn. Lẹ́yìn tí èèyàn 368 kú nítòsí Lampedusa ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, Ítálì rán ọkọ̀ ogun rẹ̀ jáde, wọ́n sì yọ èèyàn tó lé ní 100,000 nínú omi láàárín ọdún kan. Wọ́n dá ètò náà dúró ní 2014. Ní 2019, Yúróòpù kó ọkọ̀ òkun ti ètò rẹ̀ mìíràn kúrò níwájú Líbíyà, wọ́n sì fi bàálù sílẹ̀. Láti 2021 ni dúróònù Frontex ti ń gbéra láti Malta. Dúróònù lè rí ọkọ̀ tó ń rì, ṣùgbọ́n kò lè na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn aṣọ́kun Líbíyà ló ń wá kó wọn, wọ́n á sì dá wọn padà sínú àtìmọ́lé tí wọ́n sá kúrò níbẹ̀. Láti 2017, ó ti lé ní 100,000 èèyàn tí wọ́n dá padà bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 2023, bàálù Frontex rí ọkọ̀ apẹja kan nítòsí ilẹ̀ Gíríìsì, tó kún fún nǹkan bí èèyàn 750. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì fi tó àwọn aláṣẹ létí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ọkọ̀ náà ti rì. Èèyàn 104 ni wọ́n rí yọ.

KÍ A MÁ PA IRỌ́ MỌ́ Ẹ̀RỌ

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, mo mọ ìwúlò àkọsílẹ̀. Ìjọba tí kò mọ ẹni tó ń wọlé kò lè dáàbò bo ìlú. Ẹ̀rọ ìbodè ti tú àṣírí ìwé ayédèrú, ó sì ti jẹ́ kí wọ́n mú àwọn tó ń kó ọmọbìnrin wa lọ ta. Fóònù sátẹ́láìtì tí a sọ yẹn, ẹ̀rọ ni. Àwòrán sátẹ́láìtì ni àwọn olùwádìí sì lò lẹ́yìn náà láti fi hàn pé ọkọ̀ pọ̀ nítòsí àwọn 72 tí kò sẹ́ni tó gbà wọ́n. Ọwọ́ tó gbé ẹ̀rọ náà dání, àti iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ni ká máa bèèrè.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ẸBÍ WA

Èkíní, bí ọ̀dọ́ kan bá ti ń sọ̀rọ̀ Líbíyà, ẹ má fi igbe lé e jáde. Ẹ jókòó tì í. Ẹ ka ìtàn yìí fún un. Ẹ sọ fún un pé láti 2014, ó ti lé ní 30,000 èèyàn tó kú tàbí tó sọnù nínú òkun Mẹditaréníà nìkan, àti pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ọmọbìnrin 26 ni wọ́n sin lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní Salerno ní Ítálì, Nàìjíríà sì ni wọ́n gbà pé wọ́n ti wá.

Èkejì, ẹnikẹ́ni tó bá máa rin ìrìn-àjò tó jìn, kó fi ẹ̀dà ìwé ìrìnnà rẹ̀, nọ́ńbà NIN rẹ̀, fọ́tò rẹ̀ àti nọ́ńbà àwọn tí wọ́n jọ ń lọ sílẹ̀ fún ará ilé.

Ẹ̀kẹta, bí èèyàn bá sọnù lọ́nà, ẹ má jókòó sílé sunkún nìkan. Ẹgbẹ́ Red Cross ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe láti wá ẹbí tó pínyà, wọn kì í sì í gba owó. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n tan ọmọ lọ láti tà á, NAPTIP wà fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láti 2003.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹgbẹ́ wa ní ìwé àkọsílẹ̀ kan fún àwọn ọmọ wa tó wà lọ́nà, bí a ti ní ti ìdáwó. Àwọn ìjọba ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ láti dá wọn padà. Kí ló dé tí àwa kò lè kọ ọ́ láti máa bèèrè wọn?

Mo ní láti dá ìyá náà lóhùn nísinsìnyí. Màmá, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ ti rí ọmọ yín. Ó lè ti ya àwòrán rẹ̀ ní ibodè, ó lè ti gba ìka rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò ṣe é láti jíṣẹ́ fún ìyá ọmọ. Oníbodè ayé àtijọ́ ní ẹnu, ẹ ò bá lọ bi í. Ẹ̀rọ kò ní ẹnu. A ti kọ̀wé sí Red Cross lórúkọ yín, a sì ń retí èsì.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kí Ọlọ́run mú gbogbo ẹni tiwa tó wà lọ́nà délé láyọ̀. Àmín.